Àwòrán Obìnrin Tó Fọwọ́ Lẹ́rán

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wọn ní Okota ni wọ́n ti bá òkú Àǹtí Morọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Yẹtí wúrà wà létí ọ̀tún. Etí òsì ṣófo. Igi ìgbálẹ̀ kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn, àmọ́ ta ló ráyè ìyẹn?

Àpò Táòfíkì tó ń ṣọ́ géètì ni ọlọ́pàá ti rí yẹtí kejì. Ó bú sẹ́kún.

"Sájẹ́ńtì, ẹ gbà mí! Méjèèjì ni wọ́n wọ̀ lọ sípàdé àdúrà láàárọ̀, gbogbo ìjọ rí i. Ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n ní ọ̀kan ti já bọ́. Ẹ̀yìn mọ́tò ni mo ti gbá a jáde lọ́sàn-án. Wọ́n ń sùn, mo ní kí n dúró kí wọ́n jí."

"Ta ló wá lẹ́yìn náà?"

"Mo lọ kírun. Mi ò mọ̀."

Wọ́n tì í mọ́lé. Àmọ́ ọkàn Sájẹ́ńtì Tómilọ́lá ò balẹ̀. Olè wo ló ń yọ yẹtí kan, tó fi ìkejì sílẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó lọ bá Olúmúyìwá, àbúrò olóògbé, ní Ṣógúnlé. Iṣẹ́ àwòrán ló ń ṣe. Àwòrán ńlá kan fara ti ògiri: Àǹtí Morọ́lá lórí àga, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń ronú. Tómilọ́lá nawọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ yà á?"

"Fọ́tò Kérésì ni mo wò yà á. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti dé Okota."

Tómilọ́lá sún mọ́ àwòrán náà. Yẹtí wúrà wà létí ọ̀tún. Nínú ihò etí òsì, igi ìgbálẹ̀ ni, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi í síbẹ̀ kí ihò má baà dí. Háà!

"Ọjọ́bọ̀ ni yẹtí já bọ́. Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n kú. Níbo lẹ ti rí igi ìgbálẹ̀ yìí?"

Olúmúyìwá yíjú kúrò lára àwòrán náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo fi mọ́tò gbá Kíkí, ọmọ wọn, pa lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí mo sá. Mo lọ jẹ́wọ́ fún wọn lókè ilé ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n forí lé àtẹ̀gùn. Mo rò pé ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ lọ pè. Mo tì wọ́n."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ yà wọ́n?"

"Tí mo bá fẹ́ ya igi, ojú wọn ni. Tí mo bá fẹ́ ya ilé, ojú wọn ni. Wọn ò jẹ́ kí n sinmi."

Tómilọ́lá tẹ àgọ́ láago pé kí wọ́n tú Táòfíkì sílẹ̀. Ó wá yíjú padà.

"Ṣé wọn ò sọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n dìde?"

"Wọ́n ní káwọn lọ bu omi wá fún mi. Mi ò gbà wọ́n gbọ́."

"Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná wà, ẹ̀gbọ́n."