Ohùn Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Bàbá Rocco

"Bàrà olómi mẹ́rin," ni Bàbá Rocco, bàbá àgbà mi, wí, ó sì fi ìdí fọ́ọ̀kì gbá tábìlì bí adájọ́. "Mẹ́ta ọdún tó kọjá kò tó. Ọjọ́ karùn-ún la ti ń họ èèpo jẹ."

Ìyá mi béèrè ẹni tí yóò ru bàrà mẹ́rin. Èmi ni Bàbá Rocco kọjú sí. Gbogbo ohun tó bá wúwo nínú ilé wa, Nunzio, ìyẹn èmi, lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn Àjíǹde ni. Òtútù ṣì ń mú lórí òkè Pietrafosca, ìlú wa ní Ítálì, débi pé bí ènìyàn bá kí ọ láàárọ̀, ọ̀sán ni ìkíni náà tó yọ́ dé etí rẹ. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, oṣù Kẹjọ ti dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré la máa ń lò létí òkun, ọ̀sẹ̀ tí àjọ̀dún Màríà Wúńdíá bọ́ sí, àmọ́ oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń pète rẹ̀. Ogun mìíràn wà láyé yìí tí wọn ò pète tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jà á. Ta ni yóò gbé àwo màkàróònì inú ààrò lé itan nínú bọ́ọ̀sì? Ta ni yóò wa iyanrìn tútù létí omi láti fi bo bàrà mọ́lẹ̀ kí ó lè tutù? Ta ni yóò fi òróró pa Bàbá lẹ́yìn? Ìbéèrè mẹ́ta, orúkọ kan ló ń jẹ́ ìdáhùn.

Òkun Mediteréníà gbòòrò, ilẹ̀ tó kàn lọ jàra, ṣùgbọ́n lójú Bàbá Rocco, iwájú agbòòrùn keje nìkan ni òkun wà. Agbòòrùn keje, ìlà àkọ́kọ́, ní etí òkun Donna Carmela, obìnrin tó ń fi agbòòrùn yá àwọn tó wá gbafẹ́. Tiwa ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá wà ní ìlà àkọ́kọ́, ìgbì òkun ló ń fọ àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ìlà karùn-ún, ìpàkọ́ àwọn tó wà níwájú ni yóò máa wò títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Ìlà àkọ́kọ́ kì í sì í ṣí sílẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá kú. Àwọn ará ìlà kejì máa ń kí bàbá àgbà mi tìfẹ́tìfẹ́, wọn á béèrè àlàáfíà ara rẹ̀, wọn á sì máa ka iye ìgbà tó wúkọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni Donna Carmela ní. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, kí olórí ìdílé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀. Kì í gba lẹ́tà, kì í gba ọmọ iṣẹ́. Ohùn ló mọ̀.

Òun náà ló ń bá wa tọ́jú àga ìyá àgbà mi. Àga onípákó, aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀, FILOMENA, sí lẹ́yìn. Ìyá àgbà ti kú láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹjọ bá ti dé, Bàbá Rocco á gbé àga náà jáde, á ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ jókòó lé e. Eṣinṣin pàápàá máa ń kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ìwé mi kò pọ̀, títí di òní kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ká sín ènìyàn jẹ, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí. Mo ti fi ohùn àlùfáà wa sọ fún ẹni tó ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ó lu ú lọ́gànjọ́ òru. Gbogbo ìlú tú jáde, àwọn kan gbé matiráàsì lórí, wọ́n rò pé ogun dé. Ohùn Bàbá Rocco ló wá rọ̀ mí lọ́rùn jù. Ó dà bí ẹni ń wọ́ ilẹ̀kùn irin lórí òkúta, ikọ́ kéékèèké méjì á sì tẹ̀ lé e. Bí mo bá ṣe é, ajá rẹ̀ á dìde.

Mimmo ọ̀rẹ́ mi ló kó bá mi. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ wa fẹ́ lọ pàgọ́ sí etí òkun mìíràn, ní ọ̀sẹ̀ kan náà gan-an, láìsí àgbàlagbà kankan. Ivana, ọmọbìnrin ẹni tó ni ilé oògùn, ń bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo ní mi ò lè wá, Mimmo pe gbogbo wọn jọ kí wọ́n wá wò mí.

"Ẹ wo ọkọ bàrà," ló wí. "Ó ń lọ sin ìyàwó rẹ̀ sínú iyanrìn. Nunzio, ṣé òróró ẹ̀yìn ò tíì tán lọ́wọ́ rẹ? Bá wa fi díẹ̀ dín ẹja."

Ivana rẹ́rìn-ín. Bí òkè ńlá bá wó lù mí lọ́jọ́ yẹn, ìbá fúyẹ́ ju ẹ̀rín náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún, Bàbá Rocco sọ fún mi pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kí n bá òun tẹ nọ́ńbà Donna Carmela, nítorí ojú òun kò rí nọ́ńbà dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tó wà nínú ọgbà àjàrà rẹ̀, mo mú Mimmo wọlé, mo sì tẹ nọ́ńbà náà fúnra mi. Èrò mi ni pé bí agbòòrùn bá ti lọ, ọ̀sẹ̀ náà ti fọ́ nìyẹn. Wọn á pariwo díẹ̀, wọn á ní Carmela ló ṣe àṣìṣe, èmi á sì dẹni òmìnira.

"Carmela," mo ní, mo sì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, "Rocco nìyí."

"Ah, Bàbá Rocco, mo ti ń retí yín. Nọ́ńbà keje ń kí yín."

"Fún ẹlòmíràn. A ò wá mọ́."

Mimmo ti ki etí aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Obìnrin náà béèrè bóyá àìsàn ni. Mo ní rárá, pé iyọ̀ òkun ló pọ̀ jù. Mimmo ṣubú kúrò lórí àga.

"Àga Filomena ńkọ́?" ló wá béèrè.

Ibi tó yẹ kí n ti gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mimmo ń yí nílẹ̀, ẹ̀rín ẹlòmíràn sì máa ń pa mí bí ọtí. "Jù ú sínú iná San Giovanni," mo ní. "Pákó gbígbẹ ni, yóò jó dáadáa."

Gbogbo ẹni tó mọ etí òkun wa ló mọ iná náà. Nínú oṣù Kẹfà ni wọ́n ń dá a, wọ́n á kó gbogbo àga àti ọkọ̀ ojú omi tó ti fọ́ sí i. Donna Carmela bi mí lẹ́ẹ̀kejì bóyá ó dá mi lójú. Mo bi í bóyá etí rẹ̀ ti di. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá Rocco," ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Bàbá Rocco wẹ̀, ó fi òróró sí irun, ó wá jókòó ti fóònù. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ti pè é lánàá. Èmi náà ni mo tẹ nọ́ńbà fún yín. Àbí ẹ ti gbàgbé?"

Ó wo fóònù, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀. "Òótọ́ ni," ló wí. "Òótọ́ ni, mo ti pè é."

Ó dùn mọ́ mi bí oyin. Mi ò ronú bí ènìyàn ṣe lè rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ìpète wa ń bá a lọ. Ó ti yan bàrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú oko ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti fi ọ̀bẹ kọ lẹ́tà sí wọn lára nígbà tí wọn kò tíì tó ìkúùkù. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì etí òkun wá sọ fún un nílé kọfí pé àwọn ará Milano kan ń yangàn pé àwọn ti gba nọ́ńbà keje. Bàbá Rocco fi í rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó wálé, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà náà, kí n sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́ bí Carmela yóò ṣe fi irọ́ awakọ̀ náà hàn.

"Bàbá Rocco, ẹ̀yin lẹ pè mí," ni Donna Carmela wí. "Ẹ ní kí n fún ẹlòmíràn. Mo tún bi yín lẹ́ẹ̀mejì nípa àga."

"Àga wo?"

"Ti Filomena. Ẹ ní kí n jù ú sínú iná." Ó fọn imú. "Mo sunkún, ṣùgbọ́n mo jù ú sí i."

Bàbá àgbà mi gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ó yíjú sí mi.

"Nunzio, ìwọ lo sọ fún mi pé mo ti pè é, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mi ò rántí," ló wí. "Ojú ló tì mí lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn díbọ́n pé mo rántí."

Ẹnu mi ṣí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo rí àgọ́, mo rí Ivana, mo rí oṣù Kẹjọ. Mo pa ẹnu náà dé.

Mo lọ pàgọ́. Ẹ̀fọn ibẹ̀ tóbi débi pé wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Lọ́jọ́ kejì Ivana ti ń di ọmọkùnrin mìíràn lọ́wọ́ mú. Mimmo ń ní kí n ṣe ohùn Bàbá Rocco fún gbogbo àlejò, mo sì ń ṣe é. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọ̀nà ọ̀fun mi ń ta mí bí ẹni gbé eérú mì.

Nígbà tí mo délé, ìwé ló kọ́kọ́ pàdé mi. Bàbá Rocco ti ya ìwé pélébé pélébé, ó ti lẹ̀ wọ́n kiri ilé. Lára ilẹ̀kùn: TÌ Í. Lára ìgò oògùn: O TI LO Ó. Lára fóònù: MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Ó ti kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ti gbé ọgbà àjàrà fún ọmọ àbúrò rẹ̀. Kò lọ ta káàdì mọ́, ó ní òun lè sọ ohun tí òun kò mọ̀ níwájú àwọn ènìyàn. Bàrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Lẹ́tà ara wọn ti gbòòrò: F kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́bọ̀. Mi ò fi iyọ̀ kan sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo sọ ìtàn kan bó ṣe rí gan-an.

Bàbá Rocco fọwọ́ pa mí lórí. "Irọ́ rẹ ti pọ̀ láti kékeré," ló wí, "ṣùgbọ́n èyí ló dára jù nínú wọn. Ọmọ gidi ni ọ́."

Mo ní òtítọ́ ni. Mo búra. Mo wá dìde, mo sì ṣe ohùn rẹ̀ fún un, ilẹ̀kùn irin lórí òkúta, pẹ̀lú ikọ́ méjèèjì. Ajá dìde. Ìyá mi gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin. "Èmi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn," ló wí, ó sì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lọ bá Donna Carmela, mo ṣe ohùn náà níwájú rẹ̀. Ó gbá mi létí, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì wá sí orí òkè, ó jókòó ti Bàbá Rocco, ó ní ọmọ yìí ni, òun ti gbọ́ ọ. Bàbá Rocco dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé àwa méjèèjì ti jọ gbìmọ̀ láti tu òun nínú, ó sì ní kí ìyá mi gé bàrà fún àlejò.

Ìyá mi gbà mí gbọ́. Kò nà mí. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ bóyá oúnjẹ tó mi.

Ọdún mẹ́ta ni bàbá àgbà mi tún lò. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ títí ó fi kú, kò gbàgbé ohunkóhun, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kò mọ̀. Kò tún béèrè òkun. Ní oṣù Kẹjọ kọ̀ọ̀kan mo ń sọ fún un pé èmi ni, ó sì ń fọwọ́ pa mí lórí.

Báyìí, àwọn ọmọ mi ń gbọ́ nígboro pé mo mọ ohùn bàbá àgbà mi ṣe. Wọ́n ń bẹ̀ mí. Mi ò jẹ́ ṣe é. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnu rẹ sì ń yá, rántí mi. Irọ́ ọjọ́ kan ni bàbá àgbà mi gbà gbọ́ lẹ́nu mi. Òtítọ́ tí mo fi ọdún mẹ́ta sọ fún un, kò gba ẹyọ kan gbọ́.