Ẹkún Gbọ̀ngàn Masaka

Òkú ni Nabatanzi nígbà tí Mugalula kọ́kọ́ rí i. Ó nà gbalaja lórí pèpéle gbọ̀ngàn eré Masaka ní Buganda, wọ́n fi aṣọ èèpo igi tí wọ́n fi ń sin òkú bò ó dé àyà, gbogbo èrò sì ń sunkún bí ẹni pé ọmọ wọn ló kú. Mugalula nìkan ni ojú rẹ̀ gbẹ.

Nígbà tí eré parí, ọmọbìnrin náà tọ̀ ọ́ wá níta, ó ń jẹ ẹlẹ́ńgà díndín. Ó rí ẹfun ìkọ̀wé lápá ẹ̀wù Mugalula.

"Tíṣà, ẹ̀yin nìkan lẹ ò sunkún. Ṣé mi ò kú dáadáa ni?"

"O kú dáadáa. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Agbéraga á ṣubú, olólùfẹ́ á fẹ́ ẹni tí kò yẹ kó fẹ́. Mo ti mọ ibi tó ń lọ kó tó bẹ̀rẹ̀."

"Àwọn náà mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà. Kí ló wá ń gbé wọn wá?"

Mugalula bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ìwé ṣe wí, pé ìbànújẹ́ ẹlòmíì a máa fọ ọkàn ẹni mọ́. Nabatanzi rẹ́rìn-ín, ó na ẹlẹ́ńgà sí i.

"Ìran Ẹlẹ́ńgà ni mí," ni Mugalula wí. "A kì í jẹ ẹ́."

"Ìyà ń jẹ yín nìyẹn." Ó sọ méjì sẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí Mugalula kò dé. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ọ̀nà, wọn a yà sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, Mugalula a sì máa bá a yẹ ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ wò. Bí Nabatanzi bá ṣì í sọ, Mugalula a ní, "Olólùfẹ́ mi, òkú kì í gbàgbé ọ̀rọ̀." Lọ́dún kejì, wọ́n dá ọjọ́ tí Mugalula yóò wá tọrọ rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá Nabatanzi pe ọmọ rẹ̀ síbi tí ó ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ẹni tó tọ́ ẹ kọ́ ló bí ẹ. Mo ti lóyún ẹ kí n tó wọlé rẹ̀. Ọmọ ìran Ẹlẹ́ńgà ni bàbá ẹ. Ogun ló pa á."

Ní Buganda, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ọmọ ìran kan náà, bí wọn kò tilẹ̀ rí ara wọn rí. Wọn kì í fẹ́ra.

"Ta ló mọ̀?" ni Mugalula wí nígbà tí Nabatanzi sọ fún un. "Ìyá ẹ nìkan. Jẹ́ ká dákẹ́."

"Èmi mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Bí mo bá bímọ fún ẹ, tí ibà lásán mú un, kí la máa rò?"

Mugalula gbé ọwọ́ Nabatanzi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀.

Ní Sátidé, Mugalula lọ jókòó láàárín èrò. Bí wọ́n ti fi aṣọ bo Nabatanzi, ẹkún bọ́ lẹ́nu Mugalula. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì í fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀.

"Sunkún, ọmọ mi. Nígbà tí mo sin ọkọ mi, mi ò lè sunkún. Ọmọ márùn-ún ń wo ojú mi. Ibí ni mo ti ń sun ún."

Ọdún mẹ́ta kọjá. Àwọn ìran bàbá Nabatanzi ti gbà á sọ́mọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin kankan. Nígbà tí àgbẹ̀ kọfí kan láti Kalungu wá fẹ́ ẹ, kò sí arákùnrin tí yóò gba àkùkọ tó ń so ìgbéyàwó lọ́wọ́ ọkọ, bí àṣà ti wí. Nabatanzi ránṣẹ́ sí Mugalula, arákùnrin rẹ̀ nínú ìran.

Mugalula wọ kanzu, ẹ̀wù gígùn funfun, wá. Ó bá Nabatanzi nínú yàrá.

"Ṣé ó fẹ́ràn ẹ?"

"Ó fẹ́ràn mi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń kọ́ bí mo ṣe máa fẹ́ràn rẹ̀," ni Nabatanzi wí. "Ṣé o lè gba àkùkọ náà?"

"Mo lè ṣe é."

Níwájú gbogbo èrò, ọkọ fi ọwọ́ méjèèjì na àkùkọ sí i. Mugalula gbà á.

"Àbúrò mi nìyí," ó wí. "Tọ́jú ẹ̀."

Nabatanzi kúnlẹ̀ lórí ẹní, kò gbójú sókè títí Mugalula fi padà jókòó.