Ọkùnrin Tí Gbogbo Iṣẹ́ Kéré Lójú Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kò rí iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀run. Bí a bá gbé ìtẹ́ ọba fún un, yóò kọ́kọ́ tẹ ìrọ̀rí rẹ̀ wò bóyá ó rọ̀. Kòtómi ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí gbólóhùn kan náà ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Iṣẹ́ yìí kò tó mi."

Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Ó ní òun kò lè fi ọpọlọ tí Ọlọ́run fún òun ṣòfò lórí àwọn ọmọ tí ikun ń yọ nímú wọn, àfi bí ẹni pé tòun ti irùngbọ̀n ni ìyá rẹ̀ bí i. Ó jáde kúrò ní kíláàsì lọ́sàn-án gangan, àwọn ọmọ ń wo ẹnu ọ̀nà títí, olùkọ́ kò padà. Ó bọ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ó ní tádàwà ń ba aṣọ òun jẹ́. Ó bá wọn ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìdúró pọ̀ jù. Iṣẹ́ tó nítumọ̀ lòun ń wá, iṣẹ́ tí yóò tẹ́ ọkàn òun lọ́rùn. Ìjókòó ló sì fi ń wá a. Lórí àga ní iwájú ilé, ẹsẹ̀ kan lórí ìkejì, ló ti ń wá iṣẹ́ kiri ayé.

Ta ló ń bọ́ ọ? Ìyàwó rẹ̀ ni. Aránṣọ ni obìnrin náà, yàrá iwájú ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ariwo ẹ̀rọ náà ló ń di oúnjẹ tí Kòtómi ń jẹ, síbẹ̀ ariwo ọ̀hún ló ń bí i nínú.

"Ṣé o kò lè rọra tẹ nǹkan yẹn ni?" yóò ké sí i láti ìta. "Mo ń ronú."

Èrò wo? Ọ̀lẹ tó ní òun ń ronú, oorun ló ń kùn ún.

Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ sí ilé ìjọsìn, yóò yínmú. "Ọlọ́run tí kò rí iṣẹ́ tó bá mi mu fún mi, kí ni mo fẹ́ bá a sọ?" Obìnrin náà kì í bá a jiyàn. Á mú Bíbélì rẹ̀, á di ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́ mú, wọn á lọ.

Nígbà tó yá, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń kọ́lé fi í ṣe alámòójútó àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ yẹn dùn létí Kòtómi. Ó wọ bàtà dídán lọ síbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì, ó sì ń pe àwọn bíríkìlà tó lè bí i lọ́mọ ní aláìmọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan tó ń rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sókè, kafíńtà kan nahùn sí i. "Ọ̀gá, ẹ má tíì tẹ iwájú yẹn. Mi ò tíì kàn án."

Kòtómi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ní ìrìn?"

Ó tẹ iwájú. Pákó kò mọ ẹni tó kàwé. Ó yí, ọ̀gá sì já lulẹ̀ sórí òkìtì òkúta. Itan rẹ̀ méjèèjì kán.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n dì í láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ bí ẹni di ẹrù. Kò lè yíra padà. Gbogbo ohun tí ènìyàn ń wọ kọ̀rọ̀ lọ ṣe, orí ibùsùn ló ti ń ṣe é. Ẹni tó sì ń tọ́jú àwọn tó wà ní yàrá náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan nílé ìwé.

"Ṣé ibi tí gbogbo ìwé tá a kà gbé ẹ dé rèé?" ni Kòtómi wí. "O wá ń nu ìdí àwọn èèyàn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ki tówẹ́ẹ̀lì bọ omi lílọ́wọ́ọ́, ó fún omi ara rẹ̀ kúrò. "Ìdí tìẹ ló kàn báyìí," ó fèsì. "Rọra fara ti ọwọ́ mi."

Ojú ti Kòtómi, àmọ́ kò yí padà. Ìgbéraga kì í kán pẹ̀lú egungun.

Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ náà gba ìsinmi ni nǹkan yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá dípò rẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun, ó gún régé. Kòtómi ti ba ibùsùn jẹ́, ó sì pè é. Ọmọ náà ká aṣọ sókè, ó rí ohun tó wà níbẹ̀, ó sì jù ú padà.

"Ẹ wò ó, sà, kì í ṣe nítorí èyí ni mo ṣe kàwé," ló wí. "Iṣẹ́ yìí ò tó mi."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kòtómi ti sọ gbólóhùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ rí. Inú ẹ̀gbin ara rẹ̀ ló wà tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ fi wọlé. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ bo imú kó tó rántí pé bàbá òun ni. Ìyàwó rẹ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ wá omi. Kòtómi kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà dé, Kòtómi bi í pé, "Báwo ni iṣẹ́ yìí kò ṣe sú ọ? Ṣé ìgbẹ́ ń dùn mọ́ ọ ni?"

"Ìgbẹ́ ò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni," ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n Ọmọ Ọlọ́run fi ògo sílẹ̀, ó wá di kafíńtà. Ó fi aṣọ ìnura di àmùrè, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi mọ́ ti ẹni tó fẹ́ dalẹ̀ rẹ̀. Ó tún wá kú ikú ọ̀daràn kó lè fọ ìdọ̀tí tí ọṣẹ ò ràn. Ìgbà tó ti fọ tèmi, iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ sọ pé kò tó mi?"

"Èmi náà kúkú ń wá iṣẹ́ tí inú mi á máa dùn sí."

"Kì í ṣe iṣẹ́ ló sọnù, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ lo sọnù. Ẹni tí ò tíì rí Ọ̀gá rẹ̀, ibo ló ti fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀?"

Kòtómi kọjú sí i. "Ṣé á gba irú mi?"

"Irú ẹ gan-an ló wá fún."

Kò lè kúnlẹ̀, kò lè dọ̀bálẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀. "Olúwa, mo gbéra ga sí ẹ, mo gbéra ga sí èèyàn. Wo bí mo ṣe ń rùn. Fọ̀ mí nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù." Àdúrà náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dé òkè ọ̀run. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, Kòtómi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo jẹ òógùn rẹ, mo tún fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Forí jì mí."

Kò dọ̀gá níbì kankan lẹ́yìn náà. Nígbà tí egungun rẹ̀ jinná, ó lọ tọrọ àforíjì níléèwé, wọ́n forí jì í, àmọ́ àyè ti kún. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù, ó ń lọ aṣọ, abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa fi í ṣẹ̀sín: "Kòtómi, ṣé bọ́tìnì ló wá tó ẹ?"

"Ó jù mí lọ," á dá wọn lóhùn. "Àánú ni mo fi dé ìdí ẹ̀." Inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, o ti ń fi Kòtómi rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Rọra rín in. O ní ìwọ kì í ṣọ̀lẹ, orúkọ rẹ wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Kí ló wá dé tí inú rẹ fi ń ṣófo bí àgbá nígbà tí o bá ti ilẹ̀kùn náà? Iṣẹ́ tí o sọ di ọlọ́run rẹ, òkú rẹ kò ní tíì tutù tí wọ́n á fi gbé ẹlòmíràn jókòó sórí àga rẹ. Níwájú ìtẹ́ ìdájọ́, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá àga náà rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni wọn yóò bi ọ́ léèrè.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà ń rùn. Lọ́fínńdà kò bò ó, ipò kò bò ó, ilé ìjọsìn tí o ń lọ fún àṣehàn kò bò ó. Síbẹ̀ Jésù kò fi ọwọ́ bo imú sí ọ. Má sọ pé ó di ọ̀la, nítorí kò sẹ́ni tó bá ọ dá ọ̀la. Ní ibi tí o wà yìí gan-an, kó ìgbéraga rẹ jùnù, kí o sì sọ fún un pé kó fọ̀ ọ́.