Ẹṣin Kẹrìndínlógún

Ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Steinvör kó gun òkè lọ jẹko ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ ní etí.

Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ sí ọgbà ńlá tí gbogbo àfonífojì ti ń ya ẹṣin oníkálukú sọ́tọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ariwo ènìyàn àti ti ẹṣin sì gba ibẹ̀ kan, síbẹ̀ ó dá a lójú pé òun kò ṣì í kà. Àgbẹ̀ Áísílándì tó bá ń ṣi ẹṣin ara rẹ̀ kà, kí ló tún kù tó mọ̀?

Èyí tó lé yẹn dúró ní ìkángun ọgbà. Dúdú ni, àfi ojú òsì rẹ̀ tó funfun báláú. Wọ́n gé etí rẹ̀ lójú méjì, bí Ketill, ọkọ Steinvör, ṣe máa ń gé e. Àwọn yòókù kọ ìdí sí afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Òun nìkan ló kọjú sí i, irun ọrùn rẹ̀ kò sì mì rárá.

Steinvör dá a mọ̀. Fálki ni. Fálki kò sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ketill ti bẹ̀ ẹ́ lórí àkéte àìsàn pé kó má ta ẹṣin náà, ó sì ti gbà fún un. Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n sin Ketill ló tà á fún obìnrin kan ní Jámánì. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, Steinvör sunkún débi pé kò lè wakọ̀ padà sílé, nítorí ẹṣin tó bá ti sọdá òkun kúrò ní ilẹ̀ náà kì í padà mọ́. Òfin ni. Gàárì tàbí ìjánu tí wọ́n ti lò lókèèrè pàápàá kò gbọdọ̀ wọlé. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí ẹṣin ibẹ̀ ti ń dá gbé, ara wọn kò mọ àrùn ayé yòókù. Bí ẹyọ kan bá kó àrùn wọlé, agbo gbogbo àfonífojì lè run.

Bárður tẹ̀ lé e délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òun ni olórí àwọn tó ń kó ẹṣin sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rẹ́ Ketill ni látilẹ̀. Steinvör gbé kọfí wá, ó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ tó ti kán láti ọdún méje, kọfí sì ń ta sílẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀.

"Ilẹ̀ ilé ẹ ló ń mu kọfí jù mí lọ," ni Bárður wí, bó ṣe máa ń wí. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Steinvör, ẹṣin wo nìyẹn?"

"Tèmi ni. Àbí o ò rí etí ẹ̀?"

"Mo rí etí ẹ̀. Mo rí ojú ẹ̀ náà. Ẹṣin Ketill nìyẹn, má fi mí ṣe ọmọdé. Ta ló bá ẹ mú un wọlé?"

"Inú àpò ẹ̀wù mi ni mo fi í sí, ṣé o ti gbọ́?"

"Máa ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ẹran ń bọ̀ ní Túsìdeè. Tó bá jẹ́ pé ẹṣin yẹn ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù fún ẹ láyé ni wọ́n máa pa. Wọ́n lè pa tèmi mọ́ ọn. Wádìí ẹ̀, kí n tó wádìí ẹ̀ fún ẹ."

Steinvör kò lè bínú sí i. Ohun tí Bárður ń rò ni òun náà ń rò, àfi pé kò mọ ẹni tí òun lè fura sí.

Ó wá ń ṣọ́ ẹṣin náà. Koríko tó kó fún un lówùúrọ̀ wà bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ajá ilé, tí kì í pa ẹnu mọ́, wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lọ sá sábẹ́ tábìlì. Nígbà tí Steinvör fọwọ́ kan imú rẹ̀, èémí tó ń jáde níbẹ̀ tutù.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí òun fi lè dá Fálki mọ̀. Ẹṣin ibòmíràn mọ ìrìn jẹ́jẹ́, ìrìn kánkán àti eré sísá, ó parí. Tiwọn mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó sì dùn jù níbẹ̀ ni tölt, ìrìn tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń kanlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró, tí ẹni tó gùn ún kò fi ní mì. Ketill a máa fọwọ́ kan di ife kọfí mú, á gun Fálki láti ẹnu ọ̀nà dé etí odò. Ṣùgbọ́n Fálki ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn gbọgbẹ́ ní kékeré. Ó máa ń wọ́ ọ díẹ̀, ẹ̀kán kọfí kan á sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Ketill. "Èyí tó kán yìí ni mo fi ń mọ̀ pé òun ni," ni Ketill máa ń sọ, á sì lá a.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, Steinvör di ẹṣin dúdú náà ní gàárì. Ó bu kọfí kún ife dé etí, wọ́n sì gba ẹ̀bá odò lọ.

Kọfí náà kò kán. Ojú rẹ̀ dúró ṣinṣin, Steinvör sì ń rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń retí kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn wọ́. Kò wọ́. Ìrìn náà dùn débi pé ìbàdí rẹ̀ kò ro ó mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn ló rí i pé kò sí ipa pátákò kankan lórí iyanrìn tútù.

Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó rọra yí i padà sílé, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọgbà.

"Ìwọ kọ́ ni Fálki," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ni ọ́?"

Ojú funfun náà wò ó, kò ṣẹ́jú.

Ó ti ọgbà, ó wọlé, ó tẹ Hedwig láago ní Jámánì, obìnrin tó ra Fálki.

"Fálki? Ó wà ńbí. Mò ń wò ó lójú fèrèsé báyìí, ó ń jẹko. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ pè yín tẹ́lẹ̀. Ìrìn ẹ̀ ti lọ."

"Ìrìn wo?"

"Tölt tí mo torí ẹ̀ rà á. Láti Sátidé ni kò ti lè ṣe é mọ́, ó kàn ń rìn bí màlúù. Dókítà ò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn tó máa ń wọ́ yẹn nìkan ló kù tí mo fi dá a mọ̀."

Steinvör gbé fóònù kalẹ̀. Ara kò lè padà. Wọ́n ń yẹ ara wò ní ẹnu ibodè. Ìrìn ni kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ wò. Ìrìn náà ló ti wálé.

Nígbà tó padà dé ọgbà, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Gàárì wà nílẹ̀, okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì gẹ́gẹ́ bó ṣe dì í. Ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kà.

Dókítà ẹran wá ní Túsìdeè, ó yẹ gbogbo wọn wò, ó ní ara wọn le, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó máa pa ẹṣin kankan. Bárður jókòó sí ilé ìdáná, kò bọ́ bàtà.

"Ibo lo gbé e pamọ́ sí?"

"Kò sí mọ́, Bárður. Jẹ́ kí n fún ẹ ní kọfí."

Ó bu kọfí kún ife, ó sì gbé e kọjá ilé ìdáná. Bárður ti la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ nípa ilẹ̀ ilé. Ó tún pa á dé. Ife náà dé iwájú rẹ̀ ní kíkún, àwo abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ajá ké wíín, ó sá jáde.

Bárður ń wo ẹsẹ̀ Steinvör.

"Steinvör," ó wí, "tún rìn padà."

Ó rìn padà. Ẹsẹ̀ méjì ló gbé, ṣùgbọ́n mẹ́rin làwọn méjèèjì gbọ́ lórí pákó, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìdáwọ́ dúró. Lójú fèrèsé, gbogbo ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kúrò lẹ́bàá ilé, wọ́n sì kọ ìdí sí i.

Bárður dìde, ó wá fìlà rẹ̀, ó lọ láì fẹnu kan kọfí. Steinvör gbé ife tó fi sílẹ̀, ó mú un rìn yí ilé ìdáná ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń retí kí ẹ̀kán kan ṣoṣo bọ́. Lẹ́yìn náà ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò.

Ó gbẹ.