Ẹni Tó Ń Dá Ìyàwó Mi Lóhùn

Bíbélì ìyàwó mi wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. N kò ní fi irọ́ kún un. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sílé mi ní Ẹdẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó wá jókòó. Kó má sọ̀rọ̀.

Jacob ni orúkọ mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ayọ̀bámi ni ìyàwó mi. Ó kú ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ọdún mẹ́tàlélógún la fi jọ wà, ọmọ kan ṣoṣo la sì bí, Esther, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn báyìí.

Ní gbogbo ọdún yẹn, Ayọ̀bámi kò pe orúkọ mi rí. Bàbá Esther ló ń pè mí. "Ẹ" ló ń lò fún mi, kódà nígbà tí inú bá ń bí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wọn ní Awo nìyẹn. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ohùn rẹ̀ dára. Òun àti Akínwálé tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ni wọ́n máa ń jọ dúró níwájú. Ìwé orin kan ni wọ́n jọ ń dì mú. Bí ojú wọn bá pàdé lórí ìwé yẹn, nǹkan kan á ta mí láyà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ní kó má lọ mọ́. Kò bá mi jiyàn. Nígbà tí aago mẹ́rin bá lù, tí àwọn yòókù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó sí pálọ̀, á máa dá kọrin. Á máa fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó kú, fóònù yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Esther pè mí.

"Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí ohùn màámi sọnù o. Ẹ ra àpótí tí wọ́n máa ń so mọ́ Wáì-fáì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí i. Orin, fíìmù, fídíò ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ ó máa rí i lórí tẹlifíṣọ̀n láì jẹ dátà."

Mo lọ sọ́dọ̀ Mansur, tó ń ta kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà Sẹ́kọ̀nà. Ó gbé mẹ́ta kalẹ̀.

"Èyí, díìsìkì kan ló wà nínú rẹ̀. Fíìmù lásán ló dára fún. Tó bá bàjẹ́, ẹ ó wá fíìmù mìíràn."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Díìsìkì méjì ni ìyẹn. Ohun tó bá wà nínú ọ̀kan, ó wà nínú ìkejì. Bí ọ̀kan bá kú, ìkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò tiẹ̀ ní mọ̀."

"Ẹ̀kẹta yìí?"

"Mẹ́rin ló wà nínú ìyẹn. Àbí ẹ fẹ́ ṣí ilé sinimá ni, Bàbá Esther?"

Ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó máa ń pariwo?"

"Ó kàn ń mí díẹ̀ ni."

"Ó ń mí?"

"Fáànù ló wà nínú rẹ̀, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ tọ́jú gan-an?"

"Ohùn ìyàwó mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé àkọ́kọ́ padà sórí pẹpẹ. Ó gbé ẹ̀kẹta náà padà.

"Díìsìkì méjì lẹ máa rà."

Òun fúnra rẹ̀ ló wá tò ó sí pálọ̀ mi. Àpótí náà bèèrè orúkọ àwọn tí yóò máa lò ó. Mansur tẹ "Jacob" sí i. Ó wò mí.

"Ta tún ni?"

"Ayọ̀bámi."

"Bàbá, àwọn tó máa lò ó ló ń bèèrè."

"Mo gbọ́. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́, ó sì kó gbogbo ohùn inú fóònù náà sí i. Iná kékeré méjì tàn níwájú àpótí náà, àwọ̀ ewé méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Nínú gbogbo ohun tí Ayọ̀bámi gbà sílẹ̀, ọ̀kan ló ń dùn mí jù. Òun ló gbà kẹ́yìn. Ó ń kọrin. Ó dúró láàárín orin. Ó pè: "Bàbá Esther!" Ó dákẹ́. Ó tún pè: "Bàbá Esther, ẹ gbọ́?" Ó tún dákẹ́. Ibẹ̀ ló parí sí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Mo wà nílé lọ́jọ́ tó gba ìyẹn. Mo wà ní yàrá. Mo gbọ́ ọ. Mo ti rí orúkọ Akínwálé lórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú sì ń bí mi. N kò dáhùn. Ńṣe ni mo rọra ti ilẹ̀kùn yàrá kó lè rò pé mo ti jáde. Kò tún pè mí mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni inú rírun gbé e lọ.

N kò mọ ohun tó fẹ́ bá mi sọ.

Lọ́jọ́ tí Mansur lọ tán, mo tan èyí tó gbà kẹ́yìn yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì lọ gbé omi kaná ní kíṣìnnì. Orin náà ń dún. Ó dúró.

"Bàbá Esther!"

"Ẹn!" ni mo wí. "Mo ń bọ̀!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí.

Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti ìkòkò. Ayọ̀bámi fúnra rẹ̀ ló kọ́ Esther nígbà tó wà ní kékeré: bí o bá gbọ́ ìpè, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ìwọ kọ́ ló ń pè.

Pálọ̀ dákẹ́. N kò gbọ́ "ẹ gbọ́?" tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní ṣẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mò ń fá pákó. Oòrùn mú. Mo gbọ́ tí tẹlifíṣọ̀n tàn nínú ilé. Mo wo aago. Mẹ́rin.

Mo wọlé. Lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ayọ̀bámi ló ń lò ó. Orin náà ń dún. Ó dúró. Ó pè. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ọ̀ọ́kán.

"Mo dé."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan wọ́ àga nílẹ̀.

"Jókòó," ni Ayọ̀bámi wí. "O pẹ́."

O pẹ́. Kì í ṣe ẹ pẹ́.

Ta ni ìyàwó mi ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nínú pálọ̀ mi, lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn? Mo wo bó ti gùn tó. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ti di ogún ìṣẹ́jú. Ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti já Esther lẹ́nu ọmú.

"Inú yẹn ti ń run mí láti ọdún tó kọjá," ni ó wí. "Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"O ti sọ fún mi báyìí," ni ọkùnrin náà wí.

Mo pa á rẹ́. Mo rí i tó kúrò. Nígbà tí aago mẹ́rin lù lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún wà níbẹ̀. Mo pe Mansur.

"Bóyá díìsìkì kejì ló dá a padà," ni ó wí.

"Ṣé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ nínú ọ̀kan, ó ti kúrò nínú méjèèjì nìyẹn."

Mo gbà á sórí fóònù mi. Mo lọ sílé Akínwálé. Ó ń to ìwé orin lórí tábìlì.

"Ẹ̀yin Bọ̀dá Jacob! Ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ kí n wá omi fún yín."

"Mi ò mu omi. Kí lo wá ṣe nílé mi?"

"Nílé yín? Mi ò dé ọ̀dọ̀ yín rí, àyàfi ọjọ́ ìsìnkú."

Mo gbé fóònù sórí ìwé orin rẹ̀. Mo ní kó gbọ́ ara rẹ̀.

Ó tẹ́tí. Nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, ó gbójú sókè wò mí. Ó tún tẹ́tí. Ó jókòó.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń bá mi ṣeré ni?"

"Èwo ni eré níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin rèé. Ohùn yín nìyí. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe Àmín tí àwọn ọmọ ọwọ́ á fi ta jí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Irọ́ ni."

"Ohùn ẹni kì í jọ ti ẹni létí ara ẹni. Ẹ tún un gbọ́."

Mo tún un gbọ́. Bí mo ti ń gbọ́ ọ, Ayọ̀bámi wí nínú fóònù, ó wí i jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́:

"Jacob."

Àgbò kan ń ké níta.

"Kí ni orúkọ rẹ ń wá lórí fóònù rẹ̀?" ni mo bi í.

"Mo ń bẹ Màmá Esther kí wọ́n padà sínú ẹgbẹ́ akọrin ni. Wọ́n ní àwọn ò lè wá láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí mo pè wọ́n kẹ́yìn, wọ́n ní àwọn máa bi yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an." Ó wò mí. "Kí lẹ dá wọn lóhùn?"

Mo mú fóònù mi. Mo jáde.

Mo rò pé owú náà máa kú lójú ọ̀nà. Kò kú. Ó tún le sí i. Ká ní Akínwálé ni, mo mọ ohun tí mo máa ṣe fún un. Ọkùnrin yìí kò ṣẹ̀ mí. Ìyàwó mi pè é, ó dáhùn. Ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ. Òun ló sì ń gbọ́ gbogbo ohun tó yẹ kí èmi gbọ́.

Mo lè yọ wáyà àpótí náà. Ọwọ́ mi ti kan án. Ṣùgbọ́n fóònù Ayọ̀bámi ti kú pátápátá. Bí mo bá yọ ọ́, àfi èyí kan tó wà lórí fóònù mi, n kò ní gbọ́ ọ mọ́ láéláé. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀.

Àná nìyẹn. Aago mẹ́rin lù lónìí. Mo jókòó sí pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tàn. Àwọn méjèèjì ló ń kọrin báyìí, òun lókè, ọkùnrin náà nísàlẹ̀. N kò mọ orin kọ. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kọ.

Mo sún mọ́ àpótí náà. Mo gbé ẹnu mi sún mọ́ ọn.

"Ayọ̀bámi," ni mo wí.

Orin náà dúró.

"Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ni.

"Níbo?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Ẹnì kan pè mí."

"Ṣé o rí i?"

"Rárá."

"Má dáhùn nígbà náà," ni ọkùnrin náà wí. "Ìwọ kọ́ ló ń pè."

"Èmi ni," ni mo wí. "Ayọ̀bámi, èmi ni. Bàbá Esther ni. Padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní kó o padà."

N kò gbọ́ nǹkan kan. Àpótí náà ń mí. Iná méjèèjì tàn, wọn ò ṣẹ́jú.

"Ayọ̀bámi, o gbọ́?"

Mo dúró. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ìdákẹ́ ẹni tó ti gbọ́ ni.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, nínú ilé tí èmi nìkan ń gbé. Ẹnì kan rọra ti ilẹ̀kùn yàrá.