Ọkọ Ìyàwó Tó Mọ̀ Ọ́n Sá

Kámẹ́rà rẹ̀ ni Gaspar gbé sókè, òun fúnra rẹ̀ sì wọ omi dé àgbọ̀n. Ó fẹ́ sọ̀ sí ebúté wa ni. Ẹsẹ̀ kan wà lórí pákó, ìkejì wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ń sún lọ jẹ́jẹ́. Olowaili, ọmọbìnrin Baudilio, ń bọ̀ láti ẹnu odò, akèǹgbè omi mímu kún inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó dá àjẹ̀ dúró, ó ń wò ó.

"Ọ̀gá, ṣé omi ìlú yín ti tán ni, tẹ́ ẹ fi wá ń mu tiwa?"

Ọkùnrin náà tutọ́ iyọ̀ jáde. "Mo kàn tọ́ ọ wò ni. Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ẹ̀rín pa ọmọ náà títí akèǹgbè kan fi dojú dé. Mo wà níbẹ̀, mò ń họ ìpẹ́ ẹja. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọ̀ràn dé, nítorí ọmọ Baudilio kì í rẹ́rìn-ín sí àlejò.

Fóònù ò tíì dé erékùṣù wa nígbà náà. Gaspar wá láti olú ìlú Panama, ó ní òun fẹ́ ya àwòrán ẹyẹ òfú àti ẹja abẹ́ òkúta iyùn fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ilé àlejò tí Baudilio kọ́ sétí omi ló wọ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di mẹ́ta. Ẹyẹ wo lèèyàn ń wò tó bẹ́ẹ̀?

Olowaili ló ń wà á lọ sáàárín igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀, níbi tí akàn ti ń sá wọ ihò. Lọ́jọ́ kan, Gaspar ṣa àgbọn kan nílẹ̀, ó fẹ́ fọ́ ọ mu. Olowaili gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Ó já sílẹ̀ ni."

"Adìẹ pẹ̀lú ń yé ẹyin sílẹ̀. Ṣé ẹni tó bá ń kọjá ló ni ẹyin?"

"Ó dáa. Ìwọ ńkọ́, ta ló ni ọ́?"

"Bàbá mi ni. Lọ bá a sọ̀rọ̀, bí ojú rẹ bá gbà á."

Ojú rẹ̀ gbà á. Ó lọ.

A kì í fi ọmọ wa fún ará ìta. Ìdí kan ni pé ọkùnrin ló ń kó wá sílé ìyàwó lọ́dọ̀ wa, abẹ́ bàbá ìyàwó ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ará ìta wo ló fẹ́ bẹ́ẹ̀? Àdá ni Baudilio nà sí i, ó sì wà á lọ sóko ní òdì kejì omi. Ọwọ́ Gaspar bó, ó fi aṣọ wé e, ó tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó pẹ́, Baudilio dìde ní ilé ìpàdé níwájú àwọn àgbà.

"Àlejò ni, mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti wò ó lóko, mo ti wò ó nídìí oúnjẹ. Bó bá já mi kulẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí n tún la ẹnu nínú ilé yìí mọ́."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Wọ́n gbà kí àlejò náà fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbéyàwó níbí. A kì í dá ọjọ́ fún ọkọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣá, àwọn ọ̀dọ́ á gbá a mú, wọ́n á gbé e bí ìtì igi, wọ́n á jù ú sínú ibùsùn okùn tí a so kọ́ láàárín òpó méjì, tí ìyàwó wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sá, nítorí ẹni tó bá dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olójúkòkòrò ni. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, á tún sá. Ní ẹ̀kẹta, á dúró. Bílẹ̀ bá mọ́ bá wọn níbẹ̀, wọ́n ti di tọkọtaya. Bó bá sá lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, ìtìjú náà kì í sì í tán lára rẹ̀. Ìyàwó ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí.

Ta ló wá sọ èyí fún Gaspar? Kò sẹ́ni, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn àgbà ti gbà. Ọkùnrin tó ti bi wá ní orúkọ gbogbo akàn etí omi, a rò pé ó ti bèèrè èyí náà ni. Kálukú rò pé ẹnì kejì ti sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n gbé e lákọ̀ọ́kọ́, ó ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sá. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gé ọmọkùnrin kan jẹ lápá kó tó sá. Inú wa dùn. A ní, wò ó, àṣejù àlejò, ó tún mọ̀ ọ́n sá ju ọmọ onílé lọ.

Gaspar ní tirẹ̀ ò rí ìgbéyàwó kankan. Ó rò pé à ń lé òun nítorí ọmọ wa ni, pé ìkìlọ̀ ni àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ ni ìkejì, inú òkun la máa ju òun sí lẹ́ẹ̀kẹta. Èyí tó dùn ún jù ni pé Olowaili ń rẹ́rìn-ín nínú ibùsùn náà, tó fọwọ́ bojú. Láàárọ̀, ó wọ ọkọ̀ àwọn oníṣòwò àgbọn, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ ń wá a lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń yìn ín pé ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn sá pamọ́ sí. Olowaili wà nínú ibùsùn pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tuntun lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló padà wá fà á dìde.

Baudilio ò la ẹnu ní ilé ìpàdé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí.

Ọdún méjì kọjá. Ọmọ mi, Heliodoro, ló wá lọ bá Baudilio pé òun fẹ́ Olowaili. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni. Láti kékeré ló ti ń fi oje igi dí ihò ọkọ̀ Olowaili láìjẹ́ kó mọ ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Olowaili gbà, nítorí bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé Heliodoro lẹ́ẹ̀kan, ó sá. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó sá. Bó ṣe kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, Gaspar sọ̀ sí ebúté ní ọ̀sán gangan.

Ọmọ wa kan tó ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì ní olú ìlú ló ń fi ìgbéyàwó tirẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín, tí Gaspar fi gbọ́ ìtumọ̀ gbígbé tí wọ́n gbé e. Wọ́n ní ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Gaspar.

"Mo rò pé wọ́n ń lé mi ni, Olowaili."

"Mo rò pé o mọ̀."

"Ò ń rẹ́rìn-ín."

"Ayọ̀ ni. Kí ni ìyàwó á tún ṣe?"

Gaspar di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká lọ. Ọkọ̀ ṣì wà ní ebúté."

"Nítorí rẹ ni bàbá mi ṣe yadi. Bí mo bá tẹ̀ lé ọ, á yadi wọ ibojì. Ìwọ ni mo fẹ́ràn, Heliodoro ni mo máa fẹ́. Má bínú sí mi."

Gaspar jókòó sórí iyanrìn, ó sunkún bí ọmọdé. Ọmọ mi wà lẹ́yìn ilé àlejò, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó wálé, ó jẹun. "Màmá, ẹja yìí dùn," ó ní. Mi ò fura.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ Olowaili. Ó wo ojú rẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó sá. Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n kà ni. Ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo wọ omi dé ìbàdí.

"Heliodoro, ẹ̀kẹta nìyí. Padà, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, Màmá," ó ní. Ó tẹ àjẹ̀ bọmi.

Gbogbo wa ṣì dúró létí omi nígbà tí Gaspar fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé Baudilio.

Baudilio wò ó tìtì. "Ta ló gbé ọ wá?"

"Ẹnì kankan ò gbé mi, Bàbá. Mo ti mọ ọ̀nà."

Ó jókòó sínú ibùsùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olowaili títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Baudilio la ẹnu, àwọn èèyàn sì gbọ́ ọ. Ọmọ mẹ́ta ló ń ṣeré nílé wọn báyìí, Gaspar sì dúdú bí apẹja.

Ọkọ̀ àgbọn kan ló gbé Heliodoro lọ sí Colombia. Ìtìjú ẹ̀kẹta ò jẹ́ kó padà. Olowaili ń gbé ọbẹ̀ ẹja wá fún mi, ó sì mọ̀ ọ́n sè. Mò ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé mi ò múra àtiyọ̀ǹda ọmọ mi, gbogbo ìyá ọkùnrin ló ń múra sí i níbí. Ṣùgbọ́n ilé Baudilio ni mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún, níbi tí ǹ bá ti máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Mi ò yọ̀ǹda rẹ̀ fún òkun.