Òrùka Irin Díkónì Ọlálérè

Omi lásán ni wọ́n fi dán bọ́ílà ilé iṣẹ́ bébà kan wò kí wọ́n tó dá iná sí i, páìpù mẹ́ta sì bẹ́ gbàù! Wọ́n gé ọ̀kan wò. Irin dúdú lásán ni, wọ́n kun ọ̀dà fàdákà sí i lára bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Onípele méjì ni wọ́n sì sanwó fún: irin líle nínú, irin tí kì í dípẹtà níta, kí kẹ́míkà inú iléru má baà jẹ ẹ́.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i pé ojúlówó ni," ni máníjà wí fún Ẹnjiníà Safurat. "Bí mi ò bá rí olè náà títí di Friday, ìwọ ni màá fà fún ọlọ́pàá."

Safurat sáré dé ọ́fíìsì Díkónì Ọlálérè, tó ta páìpù náà fún wọn, ní Randburg. Ó ti kó lọ! Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù lára ògiri, àwòrán Díkónì fúnra rẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu.

Olúfẹ́mi, ọkọ rẹ̀, bi í nílé: "Ṣé o ò yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Èmi ni mo fọwọ́ mi yan páìpù láàárín òkìtì. Wọ́n gé òrùka kan lára rẹ̀ níṣojú mi, mo da ásíìdì sí i, ìpele méjì yọ kedere. Mi ò gbójú kúrò lára òrùka yẹn."

"Rárá rárá?"

"Rárá… àfi ìgbà tí Díkónì ní ká gbàdúrà kí n tó da ásíìdì."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Safurat! Ìwọ ọmọ Alhaji, o dijú fún àdúrà díkónì?"

"Kí àgbàlagbà máa gbàdúrà, kí n lajú sílẹ̀? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí!"

Ìwà ọmọlúàbí ẹni ẹlẹ́ni ni ọ̀bọ náà fi ń jẹun.

Ikùn ló tú u fó. Díkónì ò lè ta páìpù láì fi iyán ṣe oníbàárà lálejò, Afusat tó ń se oúnjẹ ní Rockey Street, ní Yeoville, ló sì ń gbé e lọ fún un. "Ó ti wà lẹ́yìn ibùdó taxi ní ìgboro," ni Afusat wí fún Safurat. "Àná ni mo gbé iyán mẹ́fà lọ síbẹ̀."

Safurat fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Ní Thursday, Olúfẹ́mi lọ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Sájẹ́ǹtì Mokoena wọṣọ awakọ̀ tẹ̀ lé e. Safurat àti ọlọ́pàá méjì lúgọ sínú mọ́tò níta.

Wọ́n fi ẹ̀rọ gé òrùka kan lára páìpù. Ó gbóná janjan. Díkónì fi ìbọ̀wọ́ aláwọ mú un, ó fẹ́ kì í bọ korobá omi. Sájẹ́ǹtì bá ta korobá nù.

"Eish! Sorry, bàbá."

"Kò burú," ni Díkónì wí, ojú rẹ̀ fà ro. "Ẹ jẹ́ ká dúró kó tutù."

"Mo níbi tí mò ń lọ, sà," ni Olúfẹ́mi wí. "Ẹ gbàdúrà, kí n da ásíìdì sí i, ká parí ọ̀rọ̀. Àbí kí n máa lọ?"

Ojúkòkòrò dáhùn fún Díkónì. "Ẹ jẹ́ ká dijú!"

Gbogbo ojú pa dé, àfi ojú kan ti awakọ̀. Òrùka ojúlówó jáde látinú àpò òsì, òrùka gbígbóná wọ àpò ọ̀tún. "Baba, a dúpẹ́, Àmín!"

"Ẹ má tíì ṣe àmín, sà," ni Olúfẹ́mi wí, ó ṣì dijú. "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ìyàwó mi."

"K-kí Olúwa bù kún un, Àmín!"

"Àti ìyá rẹ̀."

"Àti ìyá rẹ̀! Yéè!"

"Àtàwọn àbúrò rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ẹ máa dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan…"

Èéfín ti ń rú lápò Díkónì. Òórùn ṣòkòtò jíjóná gba gbogbo yàrá. Ó fò sókè, ó ń jó bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ lábẹ́, ó gbá awakọ̀ dànù, ó já síta, ó fo géètì. Iwájú Safurat ló balẹ̀ sí.

"Díkónì, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ yọ ohun tó wà lápò yín."

"Ẹnjiníà, iṣẹ́ èṣù ni…"

"Èṣù kì í wọ ṣòkòtò. Ẹ yọ ọ́!"

Kò tilẹ̀ yọ ọ́. Ó bọ́ ṣòkòtò náà sílẹ̀ lójú gbogbo èrò taxi, òrùka yí gbirigbiri jáde, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Mokoena bi í: "Páìpù ojúlówó mélòó lo ní?"

"Kò sí, sà."

"Òrùka tó wà lórí tábìlì ńkọ́?"

"Orí ààtàn ni mo ti rí i ní 2012. Òun nìkan ni."

Òrùka ààtàn kan ṣoṣo ni aláìnítìjú náà fi lu ilé iṣẹ́ mẹ́rin ní jìbìtì fún ọdún mẹ́ta gbáko!

Ní Friday, máníjà tó fẹ́ fà á fún ọlọ́pàá ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún Safurat. Safurat ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó kọjá lọ sídìí bọ́ílà, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń tú páìpù ayédèrú kúrò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí tó fi bú sẹ́rìn-ín.